Bàbá Oníbíréèkì àti Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wọn

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá bàbá mi nípọn dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìkìrun, pé wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn bàbá, pé wọ́n bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì rí ọmọ-ọmọ. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí bíréèkì kankan níbẹ̀. Inú bí mi. Ta ló mọ Díákónì ní Ìkìrun? Bí o bá dé gáréèjì tí o ní ilé Díákónì lò ń wá, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú ọ lọ. Bàbá Oníbíréèkì ni gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, kí n tó gbàgbé èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n kọ́, àmọ́ bíréèkì nìkan ni wọ́n ń ṣe. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń tú èéfín bí ilé tó ń jó, wọn á kí ọ kú wàhálà, wọn á sì júwe ẹlòmíràn fún ọ. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí wọn ò fi ṣe ẹ́ńjìnnì, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ló máa dá ọ dúró sí. Bíréèkì tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, kò ní dá ọ dúró níbì kan."

Ojú a máa tì mí láti bá wọn wọ ọkọ̀ èrò. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ sí Òṣogbo, bọ́ọ̀sì ti kún, awakọ̀ ti ṣíná, ni Bàbá bá ní kó sọ̀kalẹ̀ kí àwọn bá a tẹ bíréèkì wò. Àwọn èrò ń kùn. Obìnrin kan ní òun ti pẹ́ fún ìpàdé, ṣé ọkọ̀ ni wọ́n wá wọ̀ ni àbí wọ́n wá ra ọkọ̀. Awakọ̀ mọ̀ wọ́n, ó kàn sọ̀kalẹ̀ ni, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀ ká lọ wọ òmíràn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, gbogbo ọkọ̀ ló mọ eré sá. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n dúró ni ọkọ̀."

Òórùn ọ́ìlì bíréèkì ni òórùn wọn, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n fẹ́ràn ọ́ìlì yẹn bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn oyin. Wọn á gbé e sójú oòrùn, wọn á ní kí n wò ó bó ṣe mọ́ tó. Lẹ́yìn náà wọn á gbé èyí tí wọ́n tú jáde lára ọkọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti dúdú bí àgbo. Wọ́n á wá máa wàásù fún olówó ọkọ̀ pé ọ́ìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pé lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta omi á ti pọ̀ nínú rẹ̀, pé lọ́jọ́ tí bíréèkì bá gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi yẹn á hó, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ pátápátá láìrí nǹkan kan gbà mú. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n kàn ń wá iṣẹ́.

Ọ́ìlì náà a sì máa bó ọ̀dà. Màmá àgbà kun ilẹ̀kùn yàrá wọn lọ́dún kan, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Kò pé ọjọ́ méjì tí Bàbá fi ọwọ́ tí ọ́ìlì wà tì í. Ìka márààrún jáde lára ilẹ̀kùn náà, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Màmá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jà. Wọ́n ní ọkọ ni àwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ kẹ́míkà. Bàbá ní kí wọ́n jọ̀wọ́, ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n ń torí ọ̀dà bá jà.

Ohun kejì tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ wọn ni ìkíni. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wákàtí kan ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọn á kí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọn á béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin, wọn á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ̀, wọn á tún béèrè bóyá ajá rẹ̀ tó sọnù ti padà. Ti àna ló wá le jù. Inísà ni ilé Màmá, kò sì sí ará ilé wọn tó lè yọjú kí Bàbá má dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá Ṣadé, àbúrò Màmá, tí Bàbá fi ọdún méjìlá jù lọ, a máa sá fún wọn ní títì kí agbádá wọn má bàa dọ̀tí. Bàbá á pè é padà, wọn á sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí Màmá bá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé eegun wọn kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, èsì kan náà ni: "Ìkíni kì í pani."

Mo wá dé ibi tó kàn mí jù. Bí Bàbá bá parí bíréèkì ọkọ̀ kan, wọn kì í fún olówó rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ títí wọ́n á fi wà á lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lọ́nà Ìbà. Wọ́n á jẹ́ kó sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì tẹ bíréèkì lójijì. Wọn kì í dá lọ. Ẹni tí wọ́n bí, tàbí ọmọ ẹni tí wọ́n bí, gbọ́dọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ló kọ́kọ́ ń jókòó síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fọ́n ká tán, ó kàn mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jókòó nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tí mò ń wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi lè dá lọ. Wọ́n ní, "Bí mo bá dá lọ, mo lè fojú fo nǹkan. Bí mo bá mọ̀ pé ìwọ ló máa jókòó síbẹ̀, mi ò ní fojú fo nǹkan kan."

Ìjà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí Bàbá gbé sínú pẹ́. Múfútàù ni wọ́n bá jà, ọmọ Inísà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dàgbà ni, nítorí náà mi ò lè máa pè é ní bọ̀dá níbí. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú gbogbo àwọn tí Bàbá kọ́. Lẹ́yìn tó gba ìdáǹdè, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Inísà, ó sì ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó gbé e wá fi han Bàbá, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá wo kọ̀ǹpútà náà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n béèrè pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dà tó máa fi tẹ bíréèkì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Múfú náà fèsì. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ báyìí, wọ́n ní ibi tí ẹsẹ̀ ò lè dé."

Bàbá ní ó bú àwọn. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọn ò fi sọ̀rọ̀ síra wọn. Nígbà tí ìyàwó Múfú bí Sẹ̀kínà, Bàbá kó aṣọ ọmọ àti ọṣẹ fún Màmá pé kí wọ́n gbé e lọ, àmọ́ Bàbá fúnra wọn ò yọjú síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó ń béèrè ajá alájá kò béèrè Múfú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún tí mo parí yunifásítì tí mò ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀ ni ọkọ̀ pupa yẹn dé. Ọ̀gbẹ́ni Wálé ló ni ín, ọmọ Òkukù tó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni, ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́ sílé tipẹ́, ó kàn dúró sí gáréèjì ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ni. Ó wá dé sílé báyìí, ó sì ti ṣèlérí pé òun á fi gbé ìyá òun lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìbàdàn ní Sátidé. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ọ́ìlì, dúdú ni. Wọ́n ní bó ti wù kó rí, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde.

Iṣẹ́ náà kò le lójú. O máa da ọ́ìlì tuntun sínú ike tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, o máa ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà, o máa ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò, o máa tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀. Ẹnì kan á máa tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀, ọ́ìlì àtijọ́ á máa jáde sínú ìgò, tuntun á máa tẹ̀ lé e, títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi mọ́. Òfin kan ló wà: ike òkè yẹn kò gbọdọ̀ gbẹ. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, afẹ́fẹ́ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ yìí tún ní ABS, ìyẹn àpótí irin kan tó máa ń di bíréèkì mú tó sì ń tú u sílẹ̀ lemọ́lemọ́ fúnra rẹ̀, kí táyà má bàa yọ̀ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Bàbá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Wọn ò kàn jẹ́ kí ike gbẹ rí ni.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Èmi ni mo wà nínú ọkọ̀. Bàbá rọ ọ́ìlì kún ike, wọ́n lọ sẹ́yìn táyà, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí n má dúró títí àwọn á fi ní ó tó. Ni Bàbá Ṣadé bá yọ láti Inísà. Lọ́jọ́ yẹn kò rí ibi sá sí. Mo gbọ́ tí Bàbá dọ̀bálẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè ojú ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n béèrè òrùlé tí atẹ́gùn ṣí. Mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n má dúró, mi ò sì dúró. Nígbà tó yá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, torí wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu níbi tó ti ń kí àna.

Nígbà tí Bàbá padà dé, ike ti gbẹ. Wọn ò pariwo. Wọ́n rọ òmíràn sí i, wọ́n sì tún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lẹ́ẹ̀mejì, títí bíréèkì fi le dáadáa. Wọ́n pe Ọ̀gbẹ́ni Wálé pé kó máa bọ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn apá kejì kí n jókòó, bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré. Bàbá ní, "Dúró síbí." Wọ́n dá lọ, wọ́n dá bọ̀, wọ́n ní ó dúró. Ọ̀gbẹ́ni Wálé gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún la fi rìn ín. Bàbá ò kí ẹnikẹ́ni. Màmá bi mí bóyá ara wọn ò yá ni.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ní Sátidé, mo bá Bàbá ní pálọ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bi mí pé, nígbà tí àwọn ń kí àna àwọn, báwo ni bíréèkì ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ó rọ̀, mo mọ̀, mi ò sọ.

"Èmi náà mọ̀ lánàá," wọ́n ní, "mi ò sọ. Wọ bàtà rẹ."

Wọ́n ti ń pe Ọ̀gbẹ́ni Wálé láti ìdájí, kò gbé e. A gun ọ̀kadà méjì lọ sí Òkukù. A kọjá Inísà láìdúró. Ọ̀nà yẹn kò gùn, ó gùn lójú mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí mò ń rò ni ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí, tó jókòó sí àga tí wọn ò jẹ́ kí n jókòó sí.

A bá wọn lẹ́nu géètì. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ìyá náà ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ sórí itan. Bàbá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n sì lọ dúró síwájú ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn ò gba bíréèkì rẹ̀ gbọ́. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ẹ paná ọkọ̀. Mo ní iṣẹ́ yẹn ti parí lánàá, kò tíì parí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Wálé rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ náà dúró kán-ún láti Ìkìrun dé ilé. Bàbá ní orí títì ọlọ́dà ló ti dúró, níbi tí táyà kì í yọ̀. Wọ́n bẹ ìyá náà kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì dá wà á lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé, lórí iyanrìn. Wọ́n sáré díẹ̀, wọ́n tẹ bíréèkì lójijì kí táyà lè fẹ́ yọ̀. A gbọ́ tí àpótí irin yẹn kùn. Ọkọ̀ dẹwọ́ díẹ̀, ó sì tún ń lọ, ó lọ títí ó fi forí sọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ sínú ABS ti jáde sínú bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Wálé sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá òun ni wọ́n fẹ́ pa. Ó béèrè ohun tí àgbàlagbà ń wá nídìí iṣẹ́ tí kò mọ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo la ẹnu láti sọ pé ẹsẹ̀ mi ló wà níbẹ̀. Bàbá wò mí, mo pa ẹnu mi dé. "Èmi ni mo gbé ojú kúrò lórí ike," wọ́n ní. Títí mo máa fi kú, mi ò ní gbàgbé bí mo ṣe fẹ́ràn wọn tó ní ìṣẹ́jú yẹn.

Wọ́n wá sọ pé ẹnì kan wà ní Inísà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbé fóònù jáde kí n pè é. Bàbá ní wọn kì í fi fóònù bẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. A padà sí Inísà.

Múfú wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Nígbà tó rí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá, ó yọ jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láti orí Màmá títí dé orí gbogbo ilé. Bàbá ní, "Dìde. Ìkíni ló kó wa dé ibi tí a dé yìí. Mo ti rí ibi tí ẹsẹ̀ ò lè dé. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ, jẹ́ ká lọ."

Múfú gbé e, a sì jọ gbéra. Ní Òkukù, ó so okùn kọ̀ǹpútà mọ́ abẹ́ sítẹ́rìn, èmi tẹ bíréèkì, Bàbá kúnlẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n di ìgò mú lẹ́yìn táyà. Múfú ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, àpótí irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn táyà: "Ó ń jáde. Àjọkẹ́, ó ń jáde." Afẹ́fẹ́ ni, ó ń hó bọ̀ọ̀bọ̀ nínú rọ́bà. Ojú Bàbá kò kúrò lórí ike lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Ọ̀gbẹ́ni Wálé jáde wá kí wọn kú iṣẹ́, Bàbá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró ná.

Nígbà tó parí, Bàbá gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn apá kejì fún mi, wọ́n ní, "Jókòó." A lọ sórí iyanrìn náà, Bàbá tẹ bíréèkì lójijì, àpótí kùn, ọkọ̀ dúró. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gbẹ́ni Wálé gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n sì dé láyọ̀.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tó bá ní ABS, Inísà ni Bàbá ń darí rẹ̀ sí. Wọn ò fi ìkíni sílẹ̀ o. Wọ́n kàn máa ń dé nọ́ọ̀tì, wọ́n á nu ọwọ́, kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ṣadé.

Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ, nínú ọyẹ́ tó kọjá. Mọ́ṣúárì kan ní Òṣogbo ni wọ́n gbé òkú wọn sí, ìjọ sì ti bá wa wá áńbúláǹsì tó máa gbé wọn wá sí Ìkìrun. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí ìsìnkú, Múfú lọ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, òun fúnra rẹ̀ ló wà á wá sí ẹnu ọ̀nà ilé wa láti wá kó àwa tó fẹ́ lọ gbé Bàbá. Sẹ̀kínà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé.

Àǹtí mi àgbà figbe ta. Wọ́n ní ta ló ń mú ọmọdé lọ gbé òkú, kí ó gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ kíá.

Múfú ò pa ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ṣe bíréèkì ọkọ̀ yìí."

Àǹtí mi àgbà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wọlé. Mo wọlé, mo gbé Sẹ̀kínà sórí itan mi, a sì lọ gbé wọn wálé.